Bí a ṣe ń tọpa omi tó ń jò nínú ilé àtijọ́ tí a rẹ́ǹtì: ìtọ́sọ́nà fún ayálégbé ní Ilé-Ifẹ̀

Ilé àtijọ́ tí wọ́n fi ń rẹ́ǹtì pọ̀ ní Ifẹ̀. Ẹ wọ Ìlàrè, ẹ wọ Ìrémọ, ẹ kọjá sí Mọ̀ọ̀rè tàbí Ilódè, ẹ ó rí i: ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, páànù tó ti dípẹtà, páìpù irin láti ayé ìgbà tí omi ìjọba ń yọ dáadáa, àti páìpù ike tí wọ́n so mọ́ irin yẹn lọ́jọ́ tí onílé gbẹ́ bọ́hóòlù. Ibi tí irin àti ike ti pàdé yẹn, ẹ fi sọ́kàn. A ó padà débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ibi tí omi ti yọ síta kì í sábà jẹ́ ibi tó ti ń jò. Omi máa ń tẹ̀lé páìpù, ó máa ń gba abẹ́ sìmẹ́ǹtì, ó máa ń rìn lórí igi àjà, kó tó wá yọ ní igun yàrá tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bíríkìlà tí ẹ bá pè yóò fọ́ igun yẹn, yóò rẹ́ ẹ padà, yóò gbowó, omi yóò sì tún yọ kí ọdún tó yí po. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àtúnṣe páìpù kì í ṣe iṣẹ́ ayálégbé. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká mọ ibi tó ti ń jò dájú, kí onílé má lè sọ pé "òjò ni, á gbẹ", kí pulọ́ńbà má sì fọ́ gbogbo ilẹ̀ balùwẹ̀ láti wá oríkèé páìpù kan ṣoṣo.

Omi wo gan-an ni?

Omi tó ń ba ilé jẹ́ kò ju oríṣi mẹ́rin lọ: omi òjò láti òkè, omi ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀, omi mímọ́ inú páìpù tó ń wọlé, àti omi ìdọ̀tí tó ń jáde láti balùwẹ̀, síńkì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Omi òjò máa ń sàmì sí àjà tàbí orí ògiri. Àmì náà máa ń ní etí pupa rẹ́súrẹ́sú, ó máa ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn òjò ńlá, ó sì máa ń gbẹ tí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Omi ilẹ̀ ní tirẹ̀ ń gòkè ni. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni wọn ò tẹ́ náílọ́ọ̀nù sábẹ́ ògiri wọn nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn, nítorí náà ògiri ń fa omi láti inú ilẹ̀. Kì í sábà ga ju mítà kan lọ, ìyẹn bí ìbàdí àgbàlagbà, ó sì máa ń tẹ́ lọ gbọọrọ lẹ́sẹ̀ ògiri, kì í dá dúró lójú kan. Tí ẹ bá fọwọ́ rá a, ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun. Iyọ̀ inú ilẹ̀ àti inú sìmẹ́ǹtì ni omi gbé jáde yẹn. Ilé tó wà ní ẹsẹ̀ òkè ló máa ń rí èyí jù, Ifẹ̀ ò sì ṣàìní òkè.

Omi páìpù mímọ́ kò mọ òjò, kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ lo omi, bí ẹ ò lò ó, ojú ibẹ̀ á rin. Omi ìdọ̀tí yàtọ̀ síyẹn: ẹ̀yìn tí ẹ bá wẹ̀ tàbí fọṣọ ló máa ń yọ, ó máa ń rùn, ó sì máa ń fà sẹ́yìn tí gbogbo ilé bá rìnrìn àjò.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àsìkò ọyẹ́ fún iṣẹ́ yìí. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbí, ilẹ̀ á gbẹ, afẹ́fẹ́ á gbẹ, ètè pàápàá á sán. Ògiri tó bá ṣì tutù ní oṣù kìíní, ẹ ti yọ òjò kúrò nínú ẹjọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé oṣù keje ni ẹ ń ka èyí, ẹ má dúró de ọyẹ́. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sí tòsí, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà yí àbàwọ́n náà ká, ẹ kọ déètì sí etí rẹ̀, kí ẹ sì máa sàmì sí ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àbàwọ́n yẹn á ti sọ ẹni tí í ṣe. Èyí tó bá ń fẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀, ẹ wá a sínú páìpù.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ kedere, irú èyí tí wọ́n ń di búrẹ́dì sí, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ nu ojú ògiri, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọ ibẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Tí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù, ní ìhà ògiri, inú ògiri lomi ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ iwájú, ìhà yàrá, ló sẹ̀ sí, ooru inú yàrá ni: aṣọ tí a ń sá sínú ilé, omi tí a ń sè nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Ògiri tí sẹ́lótéèpù ò tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ rárá ti dáhùn ìbéèrè yín kí ẹ tó bi í.

Táńkì ni mítà yín

Láwọn ilé tí omi ìjọba ní mítà, ìṣòro ò pọ̀: ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ, kí ẹ wò ó bóyá abẹ́rẹ́ kékeré inú mítà ṣì ń yí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ní mítà omi? Bọ́hóòlù tàbí kànga ló ń fa omi sí táńkì lókè, táńkì ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ilé. Nítorí náà, táńkì yẹn la ó fi wọn omi.

Àmì àkọ́kọ́ kì í tilẹ̀ í ṣe omi, iná ni. Pọ́ǹpù tó máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lẹ́ẹ̀mejì, yúnìtì tí ẹ rà ò sì tó oṣù mọ́. Pọ́ǹpù hóòsì-páwà 1 ń lo wáàtì 746 ó kéré tán. Tó bá fi wákàtí kan ṣiṣẹ́, ó ń lọ sí yúnìtì kan. Ní ilé tí pọ́ǹpù ti ń tan ara rẹ̀, omi lè máa jò fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fura, torí táńkì kì í gbẹ. Ẹni tó ń ra yúnìtì ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé ní ọ̀sán. Nínú ilé ojú-kojú, ẹnì kan máa ń wà tó ń wẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí kó tó lọ sọ́jà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó pọnmi sínú báàkẹ́ẹ̀tì lálẹ́.

2. Ẹ kún táńkì, kí ẹ pa pọ́ǹpù níbi ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ibi suìṣì rẹ̀. Tí ẹ bá gbà pé á pa ara rẹ̀, ó lè tan padà lóru kó ba ìwọ̀n yín jẹ́.

3. Ní aago mọ́kànlá alẹ́, kí ẹnì kan tí ara rẹ̀ dá gun àkàbà. Bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kó wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì, kí ẹnì kejì sì di àkàbà mú. Kó ti ọ̀pá gígùn tó mọ́ tó sì gbẹ bọ inú táńkì títí tí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kó yọ ọ́, kó fi bírò sàmì síbi tí omi dé. Èédú náà á ṣe é. Kó rántí ibi tó ti ti ọ̀pá náà bọ inú táńkì, torí ìsàlẹ̀ táńkì kì í tẹ́jú.

4. Ní aago mẹ́rin ìdájí, kó tún un ṣe níbì kan náà. Ẹ fi rúlà wọn àárín àmì méjèèjì.

Ká ní táńkì náà tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tó lọ sílẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà 8. Tó bá fẹ̀ ní mítà 1.2, ó ń lọ sí lítà 11. Ẹ wò ó báyìí: táńkì mítà 1.2 tó fi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ sílẹ̀ ní wákàtí márùn-ún ti sọ nǹkan bíi lítà 34 nù. Láàárín wákàtí 24, ó lé ní lítà 160, ìyẹn ju kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́fà lọ, lójoojúmọ́.

5. Lóru kejì, ẹ ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n ẹ ti fáàfù tó wà lábẹ́ táńkì, èyí tó ń sọ omi wọlé. Tí omi bá ṣì lọ sílẹ̀, ara táńkì tàbí ẹnu páìpù rẹ̀ ló ń jò, àbí fáàfù yẹn ni kò tì dáadáa. Tí kò bá lọ sílẹ̀ mọ́, ẹ fi táńkì sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Tí kò bá sí ẹni tó lè gun òkè, ẹ kàn fi ọ̀nà fáàfù ṣe é: ẹ tì í lóru kan, ẹ ṣí i lóru kejì, kí ẹ wo iye àkókò tí pọ́ǹpù fi kún táńkì láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò péye tó ti ọ̀pá, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá á hàn.

Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ wo páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ ara táńkì. Bọ́ọ̀lù gẹ́ẹ̀jì (èyí tó ń dá omi dúró tí táńkì bá kún) tó ti gbó máa ń jẹ́ kí omi ṣàn jáde níbẹ̀ lóru nígbà tí gbogbo wa ti sùn. Ìlà aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára ògiri nísàlẹ̀ rẹ̀ á fi hàn yín.

Ẹ máa tì í lọ́kọ̀ọ̀kan

Ẹ ti mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ló ti ń jò. Ibo nísàlẹ̀? Ẹ wá gbogbo fáàfù tó wà nínú ilé: èyí tó lọ sí ilé ìdáná, èyí tó lọ sí balùwẹ̀, èyí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáágo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àpótí omi ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ti ẹyọ kan lóru kan, kí ẹ fi ọ̀pá wọn táńkì. Òru tí omi ò bá lọ sílẹ̀, ọ̀nà tí ẹ tì lóru yẹn ló ń jò. Ó ń gba sùúrù, àmọ́ ó san ju kí a máa fọ́ táìlì kiri.

Ẹ ṣọ́ra fún fáàfù irin àtijọ́. Èyí tí wọn ò yí fún ọdún mẹ́wàá, tí ẹ bá fagbára yí i, ọrùn rẹ̀ lè kán sí yín lọ́wọ́, omi á sì bo ilé. Ẹ fi ọwọ́ lásán dán an wò. Tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún pulọ́ńbà.

Fún ẹ̀rọ tí a ń rí tó ń kán, ẹ gbé ike omi 50cl sábẹ́ rẹ̀. Tó bá kún ní wákàtí kan, lítà 12 ni lóòjọ́, ìdajì kẹ́ẹ̀gì. Wáṣà rọ́bà inú rẹ̀ ló ti jẹ, kò sì wọ́n. Lábẹ́ síńkì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Ẹ wé tíṣù gbígbẹ mọ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tíṣù á rí omi tí ojú ò rí.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì, afurasí àkọ́kọ́

Tí mo bá ní láti ta tẹ́tẹ́ lórí ibi kan, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni. Omi á máa ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti inú ṣáágo sínú àwo, kò ní pariwo, kò ní rin ilẹ̀, sókàwéè, kòtò tó ń gba omi ìdọ̀tí, á sì máa gbà á láìráhùn.

Ẹ mú búlúù, èyí tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ẹ pò ó díẹ̀ sínú ife omi, kí ẹ dà á sínú ṣáágo, kì í ṣe sínú àwo. Kí ẹnikẹ́ni má fi omi ṣáágo fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí omi inú àwo bá di búlúù, rọ́bà ìsàlẹ̀ ṣáágo ti gbó. Omi zobo á ṣe é tí kò bá sí búlúù, àmọ́ kí ẹ fọ̀ ọ́ dànù kíá kó má pa àwo láró.

Tí kò bá yí àwọ̀, ẹ ṣí ìdérí ṣáágo kí ẹ wo bí omi ti ga tó. Ó yẹ kó wà ní nǹkan bí íǹṣì kan sísàlẹ̀ ẹnu páìpù tó dúró láàárín. Tó bá ti kan ẹnu rẹ̀, ó ń ṣàn dànù níbẹ̀ nìyẹn, ṣíṣe àtúnṣe bọ́ọ̀lù ló kù. Ní ti ẹ̀yà àtijọ́ tó ní apá irin, ẹ rọra tẹ apá náà sísàlẹ̀ díẹ̀.

Ìdí àwo náà ńkọ́? Ẹ nu ilẹ̀ yí i ká kó gbẹ, ẹ to tíṣù yí i ká, kí ẹ fi omi ṣáágo fọ àwo náà lẹ́ẹ̀mẹta. Tíṣù tó bá rin níbi tí àwo ti pàdé ilẹ̀ túmọ̀ sí pé omi ìgbọ̀nsẹ̀ ń wọ abẹ́ ilẹ̀. Ẹ má fi èyí falẹ̀, pàápàá tí kànga bá wà nítòsí. Àìsàn onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọ inú omi mímu.

Ògiri tó bá balùwẹ̀ ṣe ààlà

Ibí ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín onílé àti ayálégbé, torí onílé á ní omi ìwẹ̀ yín ni, ẹ̀yin á ní páìpù rẹ̀ ni. Ẹ lè fi ẹ̀rí parí rẹ̀.

Ẹ má lo balùwẹ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ bá aládùúgbò wẹ̀ ná. Tí ògiri náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, omi ìdọ̀tí ni. Tí kò bá yí padà, páìpù mímọ́ inú ògiri ni, ọ̀rọ̀ sì padà sọ́dọ̀ fáàfù.

Tó bá jẹ́ omi ìdọ̀tí, ẹ tún un pín sí méjì. Ẹ di aṣọ sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ fi dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde, kí ẹ da báàkẹ́ẹ̀tì omi kan sílẹ̀. Ẹ sàmì síbi tó ga dé lára ògiri. Lẹ́yìn wákàtí kan, tí omi bá ti lọ sílẹ̀ tí ihò sì dí pinpin, ojú táìlì tàbí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ló ń gbà wọlé. Tí omi náà bá dúró, ẹ yọ aṣọ kúrò kó ṣàn lọ. Tí ògiri bá wá rin lẹ́yìn èyí, páìpù ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ ló ti là. Ìwọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, owó wọn ò sì dọ́gba. Àlàfo tó wà láàárín táìlì, bíríkìlà á fi sìmẹ́ǹtì funfun dí i láàárọ̀ kan. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ ń béèrè pé kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀.

Páìpù ìjọba tí gbogbo ayé ti gbàgbé

Mo ní a ó padà síbi tí irin ti pàdé ike. Ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, páìpù irin tó wọlé láti ojú títì ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí bọ́hóòlù dé, pulọ́ńbà ìgbà yẹn kàn so ike mọ́ ọn ni, kò gé ti ìta kúrò. Tí kò bá sí ohun tó ń dá omi dúró láàárín, omi tí ẹ fi owó iná fà sókè á máa ṣàn padà gba ẹnu ọ̀nà jáde sínú páìpù ìjọba. Kò sí ibì kan tí yóò rin nínú ilé. Ẹ ó wá ògiri títí, ẹ ò ní rí nǹkan kan, táńkì á sì máa lọ sílẹ̀.

Ẹ wá fáàfù tó wà nítòsí ẹnu géètì, ó sábà máa ń wà nínú kòtò kékeré tí wọ́n fi ìdérí bò, tàbí kí koríko ti bò ó. Ẹ tì í tó bá ṣeé yí, kí ẹ tún fi ọ̀pá wọn táńkì. Tí kò bá ṣeé yí, pulọ́ńbà á gé páìpù náà, á fi ìdérí dí i. Tí onílé bá ṣì ń retí omi ìjọba, kí wọ́n fi fáàfù tó ń gba omi wọlé tí kì í gbà á jáde síbẹ̀. Irin àtijọ́ tún ní ìwà mìíràn: inú ló ti ń jẹ wá síta. Ó lè ti jẹrà tán nínú kí ìpẹtà tó hàn. Tí omi àkọ́kọ́ láàárọ̀ bá pọ́n, irin ṣì ń bẹ níbì kan lójú ọ̀nà.

Inú ilẹ̀, láti táńkì dé ilé

Ẹ rìn lórí ọ̀nà páìpù láàárọ̀ ọyẹ́. Koríko tó tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo ìyókù ti gbẹ, ilẹ̀ tó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ibi tí adìyẹ aládùúgbò ń dúró tọ́ omi lá: ẹ kíyè sí wọn. Ikán náà fẹ́ràn ibi tó rin.

Tí kò bá sí àmì, ẹ dúró di òru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ti pa. Ẹ gbé orí ọ̀pá irin kan lé ilẹ̀ tàbí lé ara páìpù tó yọ síta, kí ẹ fi etí lé orí kejì. Omi tó ń tú jáde máa ń hó ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́. Ẹ máa sún ọ̀pá náà. Ibi tó bá ti le jù ni ẹ ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Ẹ má gun ọ̀pá náà bọ ilẹ̀, wáyà iná lè wà níbẹ̀.

Òrùlé

Èyí kò gùn. Ẹ wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì nígbà tí òjò ń rọ̀ tó bá ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ tọ ipa omi lórí igi lọ sókè dé ibi tó ti kán. Ojú ìṣó ló máa ń jẹ́ jù. Lọ́sàn-án, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, òjò á gbabẹ̀. Ẹ má gun páànù àtijọ́, ó lè ya mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Àjà ásíbẹ́stọ́ọ̀sì sì wà nínú àwọn ilé tó ti pẹ́; ẹ má lù ú, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá eruku rẹ̀, torí eruku yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ dúró ṣàyẹ̀wò mọ́

Ògiri amọ̀ lágbára tó bá gbẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ti rí ọmọ, wọ́n ti rí ọmọ ọmọ. Ṣùgbọ́n amọ̀ tó rin fún ìgbà pípẹ́ máa ń rọ̀, rírẹ́ sìmẹ́ǹtì ojú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó mí. Omi á há sáàárín, ojú ògiri á ṣì dán, inú á ti di ẹrẹ̀. Ẹ fi ìka kan ògiri náà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: níbi tó bá dún bí ohun tó ṣófo, sìmẹ́ǹtì ti yà kúrò lára amọ̀. Tí ẹ bá rí i pé ó wú síta, tàbí tí ó là ní ìlà tó ń fẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ kó bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ kúrò nídìí rẹ̀ lónìí, kí ẹ pe onílé lórí fóònù lónìí.

Bákan náà ni suìṣì tàbí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri tó rin. Tó bá ń gbọ̀n yín lọ́wọ́, tàbí tó ń dún ṣá-ṣá, ẹ pa iná gbogbo ilé ní mẹ́ènì suìṣì. Ẹ má fi ọwọ́ tútù kàn án. Oníná ni kó ṣáájú pulọ́ńbà níbẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún onílé

Ẹ ka ìwé àdéhùn yín kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Wáṣà ẹ̀rọ àti rọ́bà tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ayálégbé ló sábà ń ṣe é láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń jiyàn. Páìpù inú ògiri, òrùlé àti ìpìlẹ̀ jẹ́ ti onílé. Ẹ má yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó ilé láìjẹ́ pé wọ́n kọ̀wé sí i pé àwọn gbà, kódà kí kíátékà ti sọ lẹ́nu pé kò burú.

Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú déètì, kí ẹ pe onílé kí ẹ tó kọ ọ́ ránṣẹ́. Àgbàlagbà ò fẹ́ kí a fi àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan bá òun sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìpè ni kí ẹ wá fi irú èyí ránṣẹ́, kó lè wà ní àkọsílẹ̀:

"Ẹ káàsán sà. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé lórí fóònù, ògiri tó wà láàárín balùwẹ̀ àti yàrá ẹ̀yìn ti ń rin láti oṣù tó kọjá, òjò ò sì rọ̀. A ti fáàfù balùwẹ̀ lóru ọjọ́ Ẹtì, omi táńkì ò lọ sílẹ̀. A ṣí i lóru ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ sílẹ̀ láìsí ẹni tó lo omi. Páìpù tó wọ balùwẹ̀ ló ń jò sà. Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa rán pulọ́ńbà kí ògiri má bàa bàjẹ́ ju báyìí lọ. Ẹ ṣeun sà, a ò ní fi yín sílẹ̀."

Onílé tó bá gba irú èyí mọ̀ pé ibì kan ṣoṣo ni wọ́n máa fọ́. Owó tí yóò ná á ò ní dẹ́rù bà á, èyí ló sì máa ń mú kí iṣẹ́ yá.

Lọ́jọ́ tí pulọ́ńbà bá dé, ẹ wà nílé. Ẹ fi àmì ṣọ́ọ̀kì hàn án. Tó bá fẹ́ kàn fi gọ́ọ̀mù kun ojú ibi tó là láti ìta, ẹ ní kó gé e, kó fi oríkèé tuntun sí i. Gọ́ọ̀mù orí ihò kì í pẹ́ kó tó ṣí. Níbi tí ike ti wọ irin, kó wé téèpù funfun mọ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa kó tó dè é. Kí bíríkìlà má sì dí ojú ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣí omi, ẹ fi òru kan wọn táńkì, kí ẹ wé tíṣù mọ́ oríkèé tuntun náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, ẹ ṣì jẹ́ kí ibi tí wọ́n fọ́ lára ògiri amọ̀ náà ṣí sílẹ̀, fèrèsé ní ṣíṣí, títí amọ̀ yóò fi gbẹ dénú. Lásìkò òjò, èyí lè gbà ju oṣù kan lọ. Ìgbà náà ni kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kí wọ́n sì kùn ún.